Mímú àmì ánálọ́ọ̀gù bá ètò VFD mu

Mímú àmì ánálọ́ọ̀gù bá ètò VFD mu ni iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ iná máa ń ṣe kí ẹ̀rọ tí ń pàṣẹ ìyára àti ẹ̀rọ tí ń gba àṣẹ náà lè ní òye kan náà nípa àmì tí ó wà láàárín wọn. VFD ni ẹ̀rọ tí ń yí fíríkúẹ́ńsì iná padà kí mọ́tò iná, irú èyí tí ń yí pọ́ǹpù omi, fáànù ńlá tàbí bẹ́líìtì akẹ́rù, lè yára tàbí kí ó falẹ̀ bí iṣẹ́ bá ṣe ń fẹ́. Àmì ánálọ́ọ̀gù ni fólítéèjì tàbí kọ́rẹ́ńtì kékeré tí ń lọ sókè tí ó sì ń wá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì dúró fún ìyára tí a ń béèrè. Àwọn tí ó wọ́pọ̀ jù nínú wọn ni fólítì 0 sí 10 (0–10 V) àti mílíáńpíà 4 sí 20 (4–20 mA).

Ohun mẹ́ta ni ẹ̀rọ méjèèjì gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan lé lórí: irú àmì tí wọ́n ń lò, ibi tí àmì náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí, àti ìyára tí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin náà dúró fún. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá bára mu, VFD kì í sábà kígbe ewu. Mọ́tò á máa yí bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ìyára rẹ̀ kò ní jẹ́ èyí tí a pàṣẹ. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ti ẹni méjì tí wọ́n ń fi kóńgò tí kò dọ́gba wọn gàrí: iye kóńgò tí wọ́n kà bára mu, ṣùgbọ́n gàrí inú àpò kò bára mu.

== VFD àti ìyára mọ́tò ==

Iná AC tí a ń pín ní Nàìjíríà àti ní Brítéènì ní fíríkúẹ́ńsì 50 Hz, ìyẹn ni pé ó ń lọ ó sì ń bọ̀ ní ìgbà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60 Hz. Fíríkúẹ́ńsì yìí àti iye òpó mágínẹ́ẹ̀tì inú mọ́tò ni wọ́n ń pinnu ìyára mọ́tò AC:

: iye yíyí ní ìṣẹ́jú kan = 120 × fíríkúẹ́ńsì ÷ iye òpó

Nítorí náà, agbára mágínẹ́ẹ̀tì inú mọ́tò olópó mẹ́rin ń yípo ní ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan lórí 50 Hz, àti ní ìgbà 750 lórí 25 Hz. Ọ̀pá mọ́tò fúnra rẹ̀ máa ń fi díẹ̀ falẹ̀ ju èyí lọ nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́.

VFD máa ń sọ iná AC tí ó wọlé di iná DC, á tọ́jú rẹ̀ sínú kàpásítọ̀, lẹ́yìn náà á gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láti fi ṣe iná AC tuntun tí fíríkúẹ́ńsì rẹ̀ jẹ́ èyí tí a fẹ́. Àwọn ìwé kan ń pe VFD ní ínfátà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ínfátà onírun bátìrì tí a ń lò nínú ilé. Ti inú ilé máa ń di fíríkúẹ́ńsì mú sójú kan. Iṣẹ́ ti VFD ni láti yí i padà.

Ní ọdún 1968 ni ilé-iṣẹ́ Danfoss ti orílẹ̀-èdè Denmark bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú ẹ̀rọ yìí ní ọ̀pọ̀ yanturu, lábẹ́ orúkọ VLT. Ìdí pàtàkì tí ó fi tàn kálẹ̀ ni iná tí ó ń dín kù. Agbára tí pọ́ǹpù tàbí fáànù alábẹ̀bẹ̀ ń jẹ máa ń tẹ̀lé ìyára tí a sọ di púpọ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta léra wọn (ìyára × ìyára × ìyára). Bí ìyára bá wá sí 80%, agbára tí ó nílò á wá sí nǹkan bíi 51%. Ṣùgbọ́n ìlànà kan náà yìí ni ó ń jẹ́ kí àṣìṣe kékeré nínú àmì di ìnáwó ńlá.

== Orírun àmì 4–20 mA ==

Kí àmì oníná tó gbilẹ̀, afẹ́fẹ́ inú páìpù ni àwọn ilé-iṣẹ́ ń fi ránṣẹ́ láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ni ìfúnpá 3 sí 15 psi. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo, nítorí pé bí ìfúnpá bá já sí òdo, àwọn òṣìṣẹ́ á mọ̀ pé páìpù ti bẹ́. Nígbà tí iná gba ipò afẹ́fẹ́, wọ́n pa ọgbọ́n náà mọ́. Bí 15 ti jẹ́ ìlọ́po márùn-ún 3, bẹ́ẹ̀ náà ni 20 jẹ́ ìlọ́po márùn-ún 4.

Ìwé ìlànà ISA-S50.1 ti ọdún 1975 ní Amẹ́ríkà fi ìdí àmì yìí múlẹ̀, ìwé ìlànà àgbáyé IEC 60381-1 ti ọdún 1982 náà sì sọ̀rọ̀ lórí àwọn àmì kọ́rẹ́ńtì. IEC 60381-2 ti ọdún 1978 ni ó dá lórí àwọn àmì fólítéèjì.

Ìbẹ̀rẹ̀ tí kì í ṣe òfo yìí ni a lè pè ní òdo alààyè. Ó ní àǹfààní méjì. Èkíní, 4 mA túmọ̀ sí «iye tí ó kéré jù», ṣùgbọ́n 0 mA túmọ̀ sí «wáyà ti já». Èkejì, ẹ̀rọ aṣèwọ̀n onílà méjì lè fi kọ́rẹ́ńtì tí kò tó 4 mA bọ́ ara rẹ̀, kí ó má ṣe nílò wáyà mìíràn fún iná tirẹ̀. Ìlànà NAMUR NE 43 tún fi kún un pé àmì ìwọ̀n gbọ́dọ̀ wà láàárín 3.8 àti 20.5 mA, àti pé 3.6 mA sí ìsàlẹ̀ tàbí 21 mA sí òkè jẹ́ àmì pé ẹ̀rọ aṣèwọ̀n ti bàjẹ́.

== Irú àmì: fólítéèjì tàbí kọ́rẹ́ńtì ==

Ojú ìso kan náà lórí VFD sábà máa ń gba irú méjèèjì, lẹ́yìn tí a bá ti fi súwíìṣì kékeré kan, ìdè kékeré orí bọ́ọ̀dù, tàbí ètò inú ẹ̀rọ yan èyí tí a fẹ́. Ohun tí ó ń yí padà lẹ́yìn ojú ìso náà ni ìdènà iná. Fún fólítéèjì, ìdènà náà máa ń ga, ó lè jẹ́ 10 kΩ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó má bàa fa kọ́rẹ́ńtì púpọ̀. Fún kọ́rẹ́ńtì, ó máa ń kéré, nǹkan bíi 200 sí 250 Ω. Bí 4 sí 20 mA bá gba inú 250 Ω kọjá, ó di 1 sí 5 V tí VFD lè kà.

Bí irú àmì kò bá bára mu, ohun méjì ni ó lè ṣẹlẹ̀:

* '''Àmì 4–20 mA wọ ojú ìso fólítéèjì.''' Ẹ̀rọ tí ń rán kọ́rẹ́ńtì á gbìyànjú láti ti 4 mA gba inú 10 kΩ. Ìyẹn á nílò 40 V, tí kò ní. Nítorí náà fólítéèjì rẹ̀ á gòkè dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, VFD á sì rí 10 V tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. A pàṣẹ ìyára tí ó kéré jù, mọ́tò sì lè máa sá ní ìyára tí ó ga jù. Èyí ni ó léwu jù lọ nínú gbogbo àìbáramu.
* '''Àmì 0–10 V wọ ojú ìso kọ́rẹ́ńtì.''' Fólítì 10 lórí 250 Ω á fa 40 mA, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ VFD kò gbà ju nǹkan bíi 30 mA lọ. Ẹ̀rọ tí ń rán àmì lè máà lè gbé e, kí fólítéèjì rẹ̀ sì wálẹ̀; bí ó bá sì gbé e, ojú ìso náà lè jó.

Bí VFD kò bá ní ju ojú ìso fólítéèjì lọ, a lè so rẹ̀sísítọ̀ 500 Ω tí ó péye mọ́ ọn, láti ojú ìso àmì dé ojú ìso òdo. Àmì 4–20 mA á wá di 2–10 V. Nígbà náà, ìbẹ̀rẹ̀ àmì inú VFD gbọ́dọ̀ jẹ́ 2 V, kì í ṣe 0 V.

=== Ta ni ó ń fún àmì ní agbára? ===

Kọ́rẹ́ńtì kò lè ṣàn bí kò bá sí ohun tí ń tì í. Ẹ̀rọ aṣèwọ̀n onílà méjì kò ní agbára tirẹ̀. A gbọ́dọ̀ fi 24 V DC sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Ní ìdà kejì, ojú ìso ìjáde ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ìdarí ẹ̀rọ (PLC) máa ń ti kọ́rẹ́ńtì jáde fúnra rẹ̀, kò sì yẹ kí a tún fi 24 V kún un.

A tún gbọ́dọ̀ ṣírò bóyá agbára náà tó. Bí ìdènà VFD bá jẹ́ 250 Ω, tí ti wáyà jẹ́ 50 Ω, àpapọ̀ wọn á jẹ 6 V nígbà tí kọ́rẹ́ńtì bá dé 20 mA. Nínú 24 V, 18 V á ṣẹ́kù fún ẹ̀rọ aṣèwọ̀n. Bí ó bá nílò 12 V, ó tó. Bí kò bá tó, àmì á lọ dáadáa ní ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní lè dé 20 mA láéláé.

Bí àmì kan bá ń darí VFD méjì, a máa ń so àmì fólítéèjì mọ́ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ṣùgbọ́n àmì kọ́rẹ́ńtì gbọ́dọ̀ gba inú èkíní kí ó tó dé inú èkejì, bí ojú ìso wọn bá gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá so kọ́rẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, á pín sí méjì: 12 mA á di 6 mA fún ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ìdènà wọn bá dọ́gba.

== Ìwọ̀n àmì: ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ==

Nígbà tí a bá ṣètò VFD fún 4–20 mA, ìṣirò tí ó ń ṣe nìyí:

: fíríkúẹ́ńsì = ti ìsàlẹ̀ + (àmì − 4) ÷ 16 × (ti òkè − ti ìsàlẹ̀)

Bí VFD bá wà lórí 0–20 mA nígbà tí ẹ̀rọ tí ń ránṣẹ́ wà lórí 4–20 mA, àbájáde rẹ̀ fún ìyára 0 sí 50 Hz á rí báyìí:

{| class="wikitable"
! Àmì tí ó dé !! Ohun tí a pàṣẹ !! Ohun tí VFD ṣe
|-
| 4 mA || 0 Hz || 10 Hz
|-
| 8 mA || 12.5 Hz || 20 Hz
|-
| 12 mA || 25 Hz || 30 Hz
|-
| 16 mA || 37.5 Hz || 40 Hz
|-
| 20 mA || 50 Hz || 50 Hz
|}

Àṣìṣe náà pọ̀ jù ní ìsàlẹ̀, ó sì pòórá ní òkè. Oníṣẹ́ tí ó bá dán ẹ̀rọ wò lórí ìyára tí ó ga jù nìkan á rí 50 Hz, á sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n mọ́tò náà kò ní dúró nígbà tí àmì bá wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Fáànù tí ń tu ọ̀pọ̀ mọ́tò lára wà lórí ọ̀pá mọ́tò fúnra rẹ̀. Bí mọ́tò bá ń fà nílẹ̀ ní 10 Hz fún wákàtí púpọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, fáànù náà kò ní fẹ́ tó, ooru á sì ba wáyà inú rẹ̀ jẹ́.

Òdì kejì náà wà. Bí PLC bá ń rán 0–20 mA tí VFD sì wà lórí 4–20 mA, àṣẹ 50% á jáde bíi 10 mA, VFD á sì kà á sí 37.5%, ìyẹn 18.75 Hz dípò 25 Hz. Gbogbo àṣẹ tí ó bá wà nísàlẹ̀ 20% ni VFD lè kà sí wáyà tí ó já.

Bákan náà ni pẹ̀lú fólítéèjì. Àmì 0–5 V tí ó wọ VFD tí ó wà lórí 0–10 V kò lè gbé mọ́tò kọjá ìlàjì ìyára rẹ̀. Àmì 0–10 V tí ó wọ VFD tí ó wà lórí 0–5 V á ti gbé mọ́tò dé òkè pátápátá nígbà tí àṣẹ ṣì wà ní ìlàjì, ìlàjì kejì á sì di asán.

== Ìyára tí àmì dúró fún ==

Lẹ́yìn tí VFD bá ti ka àmì bí ó ti yẹ, ó ṣì kù kí ó mọ iye Hz tí òpin àmì náà dúró fún. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí a ṣètò fún ọjà Amẹ́ríkà máa ń jáde pẹ̀lú 60 Hz gẹ́gẹ́ bí ìyára òkè. Bí a bá gbé irú rẹ̀ wá síbi tí mọ́tò ti jẹ́ ti 50 Hz, 20 mA á di 60 Hz. Pọ́ǹpù tí ìyára rẹ̀ bá fi 20% ga á béèrè agbára tí ó fi nǹkan bíi 73% pọ̀ sí i. Nítorí náà, ohun tí a kọ sára mọ́tò ni a gbọ́dọ̀ kà kí a tó kọ iye òkè sínú VFD.

Ìyára ìsàlẹ̀ náà ní ọ̀nà méjì tí wọ́n jọra lójú ṣùgbọ́n tí wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ká ní pọ́ǹpù kan kò gbọ́dọ̀ sá nísàlẹ̀ 20 Hz:

# A lè sọ pé 4 mA ni 20 Hz, 20 mA sì ni 50 Hz. Nígbà náà, 12 mA á jẹ́ 35 Hz, gbogbo ìrìn àmì á sì ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe.
# A lè fi 4 mA sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí 0 Hz, kí a sì fi ààlà 20 Hz sí ìyára ìsàlẹ̀. Nígbà náà, láti 4 títí dé 10.4 mA, mọ́tò kò ní yí ìyára rẹ̀ padà rárá.

Bí ẹ̀rọ ìdarí kan bá ń ṣọ́ ìfúnpá omi tí ó sì ń tún ìyára ṣe fúnra rẹ̀, ọ̀nà kejì lè dà á láàmú: á máa dín àmì kù láìrí ìyàtọ̀ kankan, nígbà tí omi bá sì tún nílò ìyára, á pẹ́ kí ó tó gun òkè padà. Èyíkéyìí tí a bá yàn, PLC àti VFD gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun ni a yàn.

== Ètò inú àwọn VFD kan ==

Orúkọ àti nọ́ḿbà ètò yàtọ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè.

* '''ABB ACS550:''' súwíìṣì J1 ni ó ń yan fólítéèjì tàbí kọ́rẹ́ńtì. Ètò 1301 ni ìbẹ̀rẹ̀ àmì fún AI1 ní ìdá ọgọ́rùn-ún. Fún 4 mA nínú 20 mA, a ó kọ 20%. Ètò 1104 àti 1105 ni ìyára ìsàlẹ̀ àti ti òkè. Ètò 3001 ni ó ń sọ ohun tí ẹ̀rọ á ṣe bí àmì bá sọnù.
* '''Danfoss VLT FC 102 àti FC 302:''' súwíìṣì A53 àti A54 ni ó ń yan irú àmì fún ojú ìso 53 àti 54. Ètò 6-10 àti 6-11 jẹ́ ti fólítéèjì, 6-12 àti 6-13 jẹ́ ti kọ́rẹ́ńtì, 6-14 àti 6-15 sì ni iye tí wọ́n dúró fún. Ètò 6-00 àti 6-01 ni ti òdo alààyè.
* '''Mitsubishi FR-E700:''' Pr. 267 ni ó ń yan irú àmì fún ojú ìso 4, súwíìṣì tí ó wà lórí ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ bá a mu. Pr. 126 ni fíríkúẹ́ńsì tí òpin àmì dúró fún.

Níbi tí súwíìṣì àti ètò bá ti wà pọ̀, títún ọ̀kan ṣe láìtún èkejì ṣe ni orísun ìdààmú tí ó wọ́pọ̀.

== Wáyà àti ariwo iná ==

VFD ń gé iná wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ariwo iná tí ó ń ti ibẹ̀ jáde sì lè wọ wáyà àmì. Ìyára mọ́tò á máa gbọ̀n láìnídìí. Àmì kọ́rẹ́ńtì máa ń fara da ariwo àti ọ̀nà jíjìn ju ti fólítéèjì lọ, nítorí pé iye mA kan náà ni ó ń jáde lópin wáyà bí ó ti wọlé.

A máa ń lo wáyà méjì tí a lọ́ pọ̀ mọ́ra tí ó ní ìbòrí onírin, a sì máa ń jìnnà sí wáyà mọ́tò. Bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn ni, kí wọ́n má ṣe rìn pọ̀. Ibi tí a ó ti so ìbòrí náà mọ́ wáyà ilẹ̀ wà nínú ìwé ìlànà VFD kọ̀ọ̀kan. Bí ilẹ̀ ẹ̀rọ méjèèjì kò bá dọ́gba, kọ́rẹ́ńtì àjèjì lè gba inú wáyà àmì. Ẹ̀rọ kékeré tí ń ya àmì sọ́tọ̀ ni ó ń yanjú èyí.

== Bí àmì bá sọnù ==

Lórí 0–10 V, wáyà tí ó já kò yàtọ̀ sí àṣẹ òdo. Bí a bá tilẹ̀ ti yí àmì náà sódì, tí 0 V jẹ́ ìyára òkè, wáyà tí ó já lè gbé mọ́tò dé òkè. Lórí 4–20 mA, VFD lè mọ̀ pé àmì ti sọnù, ṣùgbọ́n kìkì bí a bá ti tan ètò ìṣọ́ náà.

Àwọn ohun tí a lè ní kí ó ṣe ni pé kí ó dúró, kí ó máa bá ìyára tí ó ń sá tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí kí ó lọ sí ìyára kan tí a ti yàn. Iṣẹ́ ni ó ń pinnu èyí tí ó tọ́. Bẹ́líìtì akẹ́rù yẹ kí ó dúró. Fáànù tí ń fa èéfín jáde nígbà tí iná bá ń jó ilé kò gbọ́dọ̀ dúró. Pọ́ǹpù omi ìlú lè máa bá ìyára àtẹ̀yìnwá lọ títí òṣìṣẹ́ á fi dé.

== Àyẹ̀wò àti ààbò ==

Àyẹ̀wò tí ó pé máa ń kan ibi mẹ́ta ó kéré tán: ìsàlẹ̀, àárín àti òkè. A ó fi PLC tàbí ẹ̀rọ kékeré tí ń ṣe àfarawé àmì rán 4, 12 àti 20 mA, a ó sì ka iye Hz tí VFD fi hàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni a ó yọ wáyà kan láti rí i bóyá ẹ̀rọ náà á ṣe ohun tí a yàn bí àmì bá sọnù. Mítà tí ń wọn kọ́rẹ́ńtì gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà kọ́rẹ́ńtì náà. Mítà tí ń wọn fólítéèjì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí a bá fi mítà tí ó wà lórí mA kan ojú fólítéèjì, ó dà bí ẹni pa wáyà méjì pọ̀. Ó tún yẹ kí a kọ gbogbo iye tí a yàn sílẹ̀, nítorí pé VFD tuntun tí a bá fi rọ́pò èyí tí ó bàjẹ́ á dé pẹ̀lú ètò ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é.

Àmì òdo kì í ṣe ìdádúró ààbò. Mọ́tò tí ó dúró nítorí pé àmì wà ní 4 mA lè gbéra nígbàkígbà tí àmì bá gòkè. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ohun tí mọ́tò ń yí, a gbọ́dọ̀ pa iná láti orísun rẹ̀ kí a sì tì í pa. Kàpásítọ̀ inú VFD ṣì máa ń ní iná tí ó lè pa ènìyàn lẹ́yìn tí a bá ti pa á. Iye ìṣẹ́jú tí a gbọ́dọ̀ fi dúró máa ń wà lára ẹ̀rọ náà.

== Àmì díjítà ==

Ọ̀pọ̀ VFD òde òní lè gba àṣẹ ìyára gẹ́gẹ́ bí nọ́ḿbà lórí wáyà ìbánisọ̀rọ̀, bíi Modbus tí ilé-iṣẹ́ Modicon gbé jáde ní ọdún 1979. Ní ọ̀nà yìí, kò sí ọ̀rọ̀ fólítì tàbí mílíáńpíà mọ́, ariwo iná kò sì lè yí iye náà padà díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀rọ méjèèjì ṣì gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí iye Hz tí nọ́ḿbà tí ó ga jù dúró fún, àti lórí ohun tí mọ́tò á ṣe bí ìbánisọ̀rọ̀ bá já.